Balùwẹ̀ Tí Kò Ní Ohun Ìdìgbòlù: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Gba Oníṣẹ́ Sí I



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni. Bí a bá dárúkọ ibi ìwẹ̀ tí ó ní ṣáwà, tí ènìyàn kàn lè rìn wọ̀ láìgbé ẹsẹ̀ sókè, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ilé olówó tàbí yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ìyá tàbí baba tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nínú ilé mọ̀ pé irú balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò ní fáàrí. Ààbò ni.

Púpọ̀ nínú wa tí a ń gbé ní Kaduna, Kano, Jos, Minna, Abuja àti àwọn ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí ilé ni a ti mú òbí wa wá sọ́dọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọlọ́hun Ọba náà sì pa á láṣẹ nínú Suratul-Isra pé kí a ṣe dáadáa sí àwọn òbí wa, àgàgà nígbà tí ogbó bá dé bá wọn lọ́dọ̀ wa. A ń pèsè yàrá fún wọn, a ń ra ibùsùn tí ó rọ̀, a sì ń ṣọ́ iyọ̀ inú oúnjẹ wọn. Balùwẹ̀ nìkan ni a sábà máa ń gbàgbé. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti ń yọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń wọ̀ nígbà púpọ̀ lóòjọ́ nítorí ìwẹ̀ àti àlùwàlá.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìṣubú ń pa tó 684,000 ènìyàn lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé àwọn tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó ń pa jù. Àgbàlagbà mìíràn a yè, ṣùgbọ́n bí egungun ìbàdí rẹ̀ bá ti ṣẹ́, ó lè má rìn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òbí wa kì í sọ síta, èyí ni ìtìjú. Ìyá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ mẹ́fà kì í fẹ́ kí ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ máa wẹ òun. Balùwẹ̀ tí a bá ṣe dáadáa ni yóò jẹ́ kí ó lè máa dá ara rẹ̀ wẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i, kí ìhòòhò rẹ̀ sì wà ní bíbò.

Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ohun tí táìlì bò mọ́lẹ̀ ni ó ń mú balùwẹ̀ dára, kì í ṣe ẹwà táìlì fúnra rẹ̀. Ohun tí yóò bò mọ́lẹ̀ yẹn ni kí ẹ ṣètò fún, òun ni kí ẹ fi yan oníṣẹ́, òun náà sì ni kí ẹ fi ojú ara yín rí kí wọ́n tó bò ó.

IRÚ BALÙWẸ̀ WO NI À Ń SỌ?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọpọ́n ìwẹ̀ gígùn ni wọ́n gbé sí balùwẹ̀, èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá etí rẹ̀ tí ó ga dé orúnkún. Nínú ilé mìíràn, wọ́n mọ òkè kékeré yí ibi ìwẹ̀ ká kí omi má baà ṣàn jáde. Ọ̀dọ́ kì í kíyè sí i. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ohun ìdìgbòlù ni méjèèjì, pàápàá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà tí ó bá dìde fún ìrun Subhi tí iná kò sì sí.

Balùwẹ̀ tí à ń sọ kò ní ọpọ́n, kò sì ní òkè kankan ní ẹnu ibi ìwẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé abẹ́ ṣáwà, ó kàn rọra ń rẹlẹ̀ lọ síbi tí omi yóò gbà jáde ni. Ó ní ibi ìjókòó, ó ní irin ìdìmú lára ògiri, ó sì ní ṣáwà tí a lè fi ọwọ́ mú wá sára. Ẹni tí ó ń fi ọ̀pá rìn lè wọ ibẹ̀. Bí ó bá di dandan lọ́jọ́ iwájú, àga oníkẹ̀kẹ́ pàápàá lè wọ ibẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ PE ONÍṢẸ́ KANKAN

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí á kọ́kọ́ pe oníṣẹ́, kí á wá máa ronú nígbà tí ó bá ti ń fi òòlù fọ́ ilẹ̀. Ẹ mú ìwé, kálàmù àti okùn ìwọ̀n, kí ẹ wọ balùwẹ̀ náà lọ, kí ẹ sì pe òbí tí yóò máa lò ó pẹ̀lú yín. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó máa ń di mú, ọwọ́ tí ó lágbára jù nínú ọwọ́ rẹ̀, àti bóyá ó fẹ́ràn ìjókòó wẹ̀ ju ìdúró lọ. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ààyè. Ibi ìwẹ̀ tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú àti 90 ní gígùn ni kí ẹ kà sí èyí tí ó kéré jù. Bí ààyè bá wà, ẹ jẹ́ kí gígùn rẹ̀ tó 120 tàbí 150, kí ẹni tí ń ranni lọ́wọ́ lè rí ibi dúró sí láì tẹ àgbàlagbà mọ́ ògiri. Bí ẹ bá yọ ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ kúrò, ààyè tí ó fi sílẹ̀ sábà máa ń tó.

Èkejì ni ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80 ní gbangba ni ó dára. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà máa ṣí sí ìta. Bí ènìyàn bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn náà pa, àwọn tí ó fẹ́ gbà á là kò sì ní lè wọlé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí a lè ti ìta ṣí.

Ẹ̀kẹta ni àlùwàlá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé orí àwo ìfọwọ́ láti fọ̀ ọ́, tí wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ tí ó tutù. Ewu ńlá ni èyí. Ẹ ṣètò ìjókòó kan sí ibi ìwẹ̀ náà, kí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ omi kan sí ìsàlẹ̀ níwájú rẹ̀. Orí ìjókòó yẹn ni wọn yóò ti máa fọ ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wà nínú yàrá kan náà, ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé kí omi apá ìgbọ̀nsẹ̀ má ṣe ṣàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ń wẹ̀, kí a baà lè bọ́ lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Bí ẹ ó bá gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ rántí ojú Kíbúlà, kí ẹni tí ó bá jókòó má kọjú sí i, kí ó má sì kọ ẹ̀yìn sí i. A kì í padà fọ́ kọnkéré nítorí rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.

Ẹ̀kẹrin ni omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí omi ti ń rí ní ìlú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀rọ ìjọba lè má yọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jẹ́ pé garawa mai ruwa ni a ó fi wẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ balùwẹ̀ tí yóò di aláìwúlò nígbà tí ṣáwà bá dákẹ́. Ẹ fi ààyè garawa kan àti búútà sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láì bẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Bí táǹkì orí òpó ni ó ń fún yín lómi, ẹ wọn bí ó ti ga ju orí ṣáwà lọ. Mítà mẹ́wàá ni omi gbọ́dọ̀ fi ga kí agbára rẹ̀ tó tó bar 1. Táǹkì tí ó bá fi mítà méjì péré ga ju ṣáwà lọ yóò fún yín ní ìdá márùn-ún èyí nìkan. Orí ṣáwà fífẹ̀ bí àwo tí wọ́n ń tà ní ọjà yóò kàn máa ro tótó ni. Orí ṣáwà kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú ni ó yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì tún jẹ́ ìrọ̀rùn fún ẹni tí ó jókòó wẹ̀.

OHUN TÍ TÁÌLÌ YÓÒ BÒ

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun márùn-ún ni ó wà lábẹ́ táìlì tí ó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kùnà, owó ti ṣòfò.

Àkọ́kọ́ ni gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Nínú mítà kan, ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 rẹlẹ̀ lọ síbi ihò omi. Bí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, omi yóò dá dúró, ilẹ̀ yóò sì máa yọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ìjókòó kò ní dúró déédéé, ẹsẹ̀ àgbàlagbà yóò sì máa fì. Nítorí pé kò sí òkè tí yóò dá omi dúró, gẹ̀rẹ́ yìí nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ kọnkéré tí ó gbé ilé ró kí páìpù lè rí ààyè. Ó sàn kí a gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ sókè díẹ̀, kí a sì ṣe gẹ̀rẹ́ kékeré sí ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìkejì ni páìpù tí omi ń gbà jáde. Kí ó má kéré ju íǹṣì 2 lọ. Lábẹ́ ojú ihò, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ kí omi díẹ̀ lè máa dúró sínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Omi tí ó dúró yẹn ni kì í jẹ́ kí òórùn burúkú àti aáyán gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn púlọ́ńbà ń pè é ní trap. Oníṣẹ́ tí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ìkẹta ni ọ̀dà adènà-omi. Kì í ṣe táìlì ni ó ń dènà omi, nítorí omi ń gba àárín táìlì kọjá. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ bá ti gbẹ, a gbọ́dọ̀ kun ọ̀dà yìí lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán sí gbogbo ilẹ̀ àti sára ògiri ibi ìwẹ̀ títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 180. Orígun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ojú ihò ni omi ti kọ́kọ́ máa ń jò, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà mọ́ ọ̀dà níbẹ̀.

Ìkẹrin ni ohun tí irin ìdìmú yóò wọ̀ mọ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni a fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé wa. Bí wọ́n bá kan irin mọ́ ojú ihò búlọ́ọ̀kù, yóò dára lójú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìyá yín bá gbé gbogbo ara lé e ni yóò já. Ẹ sàmì sí ibi tí irin yóò wà, ní gíga sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90 láti ilẹ̀, kí bíríkìlà fọ́ ojú búlọ́ọ̀kù ibẹ̀, kí ó sì fi kọnkéré kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Irin tí kò ní dípẹtà ni kí ẹ rà. Ó gbọ́dọ̀ lè gba ìwúwo ènìyàn tí ó tó kílò 113. Irin tí à ń fi aṣọ ìnura kọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ìkarùn-ún ni iná. Ní ìgbà ọyẹ́, pàápàá ní Jos àti Kaduna, kò sí àgbàlagbà tí ó lè fi omi tútù wẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ibi tí iná ti wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní wáyà ilẹ̀ tí ó so mọ́ irin tí a rì mọ́lẹ̀ ní tòótọ́, kí a sì fi ẹ̀rọ kékeré tí àwọn oníná ń pè ní RCD sí i, èyí tí í já iná kíá bí ó bá ń jò. Ìwọ̀n 30 mA ni kí ẹ béèrè fún. Súìsì rẹ̀ yóò wà ní ìta balùwẹ̀. Ẹ rí i pẹ̀lú pé omi tí ó ń dé ara kò kọjá 49°C, nítorí omi tí ó gbóná dé 60°C lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ní ti táìlì gan-an, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí ó ń dán bí dígí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ògiri. Fún ilẹ̀, ẹ béèrè èyí tí ojú rẹ̀ há díẹ̀, tí wọ́n kọ R10 tàbí R11 sí ara páálí rẹ̀. Táìlì kéékèèké dára fún ibi ìwẹ̀, nítorí ó rọrùn láti tẹ̀ lé gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, àárín wọn sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rí ibi dúró. Ẹ ra ìdá mẹ́wàá lé, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù fún àtúnṣe.

BÍ A ṢE Ń YAN ONÍṢẸ́

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ bíríkìlà, púlọ́ńbà, ẹni tí ń tẹ́ táìlì àti oníná. Ẹ lè gba agbaṣẹ́ṣe kan tí yóò kó gbogbo wọn wá, ẹ sì lè gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gba agbaṣẹ́ṣe, òun nìkan ni ẹ ó dì mú bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ẹ bá gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè dín owó kù, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí púlọ́ńbà yóò ní bíríkìlà ni ó bà á jẹ́, bíríkìlà náà yóò sì ní púlọ́ńbà ni.

Ẹ má ṣe gba oníṣẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ìlú yín, tàbí nítorí pé ẹ jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Ìyẹn lè jẹ́ ìdí láti gbẹ́kẹ̀ lé ìwà rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ó mọ iṣẹ́. Ẹ béèrè ilé méjì tí ó ti ṣe irú balùwẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan ti pé ọdún kan ó kéré tán, kí ẹ sì lọ wò ó. Ẹ tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wo bóyá ó dúró. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan táìlì rẹ̀ pẹ́pẹ́. Èyí tí ó bá dún bí igbá òfìfo, abẹ́ rẹ̀ kò kún. Ẹ wo àjà yàrá ìsàlẹ̀ bóyá àbàwọ́n omi wà níbẹ̀. Ẹ bi onílé léèrè bóyá oníṣẹ́ náà padà wá nígbà tí wọ́n pè é.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi oníṣẹ́ náà ní ìbéèrè mẹ́ta. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé omi kò jò kí ó tó tẹ́ táìlì? Irú ọ̀dà adènà-omi wo ni yóò lò, ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò sì kùn ún? Kí ni yóò ṣe sí inú búlọ́ọ̀kù níbi tí irin ìdìmú yóò wà? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò dáhùn láì fi àkókò ṣòfò. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀rín dá yín lóhùn pé kí ẹ fọkàn balẹ̀, ọkàn yín kò gbọdọ̀ balẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí NABTEB, ìyẹn àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, jẹ́ ohun tí ó dára bí oníṣẹ́ bá ní in. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ni ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ táìlì tẹ́ dáadáa ní àwọn ìlú ńlá wa ni ó wá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, tí wọn kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ẹ fi ojú rí ni ẹ̀rí tí ó ga jù. Bí oníṣẹ́ bá jẹ́ ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí ti yín, ẹ wá ògbufọ̀ tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe àdéhùn. Hausa tí a fi ń ra tòmátì lọ́jà kì í tó fún ọ̀rọ̀ páìpù àti owó.

ÀDÉHÙN ÀTI OWÓ

Ẹ gba ìdíyelé lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán, kí olúkúlùkù ya owó ohun èlò sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lè jẹ́ pé ọ̀dà adènà-omi ni kò kà mọ́ ọn. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn ní ìlà sí ìlà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 282, èyí tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a máa kọ gbèsè tí a dá àkókò fún sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún owó oníṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti mú ìwé jáde nítorí pé ẹni mímọ̀ ni. Ìwé kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Àìkọ ìwé ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, ohun èlò àti irú rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, iye owó, àti iye oṣù tí yóò fi padà wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí omi bá jò.

Ẹ pín owó iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ lè san ìdá márùn-ún rẹ̀ kan nígbà tí wọ́n bá ti yọ ọpọ́n àtijọ́ tí wọ́n sì ti tẹ́ páìpù tuntun. Ẹ san èyí tí ó pọ̀ díẹ̀ nígbà tí ìdánwò omi bá yege. Ẹ san òmíràn nígbà tí táìlì bá parí. Ẹ wá fi ìdá márùn-ún kan tí ó kù sílẹ̀ títí ẹ ó fi lo balùwẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí a máa tètè san owó alágbàṣe. Nítorí náà, ìpín tí ẹ bá fẹ́ dá dúró gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí oníṣẹ́ sì ti gbà sí i. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ti yege, ẹ san owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó ń béèrè iṣẹ́ gidi tí ó sì ń fi owó oníṣẹ́ falẹ̀, abòsí ni.

Ní ti ohun èlò, ẹ bá oníṣẹ́ lọ sí ọjà, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín san owó fún ọlọ́jà. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nítorí sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà ń fẹ́ àkókò láti gbẹ. Ẹ má ṣe kánjú wọn. Ẹ ṣètò ibòmíràn tí àwọn òbí yóò ti máa wẹ̀, kí ọkùnrin ilé kan tí ó dàgbà sì máa wà nílé ní gbogbo ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ bá wà níbẹ̀.

ÌDÁNWÒ TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ FÒ

Nígbà tí ọ̀dà adènà-omi bá ti gbẹ, kí wọ́n tó tẹ́ táìlì kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n dí ojú ihò omi pa, kí wọ́n fi nǹkan dí ẹnu ibi ìwẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì bu omi kún ilẹ̀ náà. Ẹ fi kálàmù sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá fà sílẹ̀ ju ìwọ̀nba tí afẹ́fẹ́ lè fà lọ, tàbí tí ògiri yàrá kejì bá rin, tàbí tí àjà ìsàlẹ̀ bá ro, ibì kan ń jò. Àtúnṣe rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ju kí a tún ọ̀dà kùn lọ. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí táìlì ti bò ó ni, gbogbo rẹ̀ ni a ó fọ́. Oníṣẹ́ mìíràn yóò ní omi yóò ṣòfò. Ẹ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ garawa omi kò tó owó táìlì. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni, nítorí náà ẹ wà níbẹ̀ fúnra yín. Bí ẹ kò bá lè wà níbẹ̀, ẹ rán ọmọ tí ó ní làákàyè, kí ó ya àwòrán ilẹ̀, páìpù àti ògiri kí wọ́n tó bò wọ́n.

Lẹ́yìn tí táìlì bá parí, ẹ tún da garawa omi kan sí ẹnu ibi ìwẹ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà ihò lọ fúnra rẹ̀, láìsí ìgbálẹ̀, kí ó má sì jáde lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Kí ọkùnrin tí ó sanra jù nínú ilé rọ̀ mọ́ irin ìdìmú. Bí ó bá mì, wọn kò tíì parí iṣẹ́.

BÍ OWÓ KÒ BÁ TÓ

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ilé àyágbé. Ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ fi òbí sílẹ̀ sínú ewu. Irin ìdìmú méjì tí a dè mọ́ ògiri dáadáa, àga oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára tí ó sì ní rọ́bà lábẹ́, ẹní rọ́bà tí kì í yọ̀, ilẹ̀kùn tí a yí padà kí ó máa ṣí sí ìta, àti iná kékeré oníbátìrì tí yóò máa tàn lóru: gbogbo wọn papọ̀ kò tó ìdá díẹ̀ nínú owó balùwẹ̀ tuntun. Bí ilé bá jẹ́ ti onílé, ẹ gba àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó lu ògiri, kí ó sì jẹ́ àkọsílẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń kọ́ ilé lọ́wọ́ báyìí, ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí òkè tí ẹ ó fọ́, kò sí táìlì tí ẹ ó ṣí. Bíríkìlà tí ó fẹ́ mọ òkè yí ibi ìwẹ̀ ká, ẹ ní kí ó ṣe gẹ̀rẹ́ dípò rẹ̀. Àwa náà ń dàgbà lọ, ilé tí a kọ́ fún àwọn òbí wa lónìí, àwa ni yóò gbà lọ́la.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn òbí wa sí nínú àlàáfíà, kí Ó sì fún wa ní agbára àti sùúrù láti tọ́jú wọn. Àmín.